Oníbodè Ojú Ọ̀nà Ọba: Ìtàn Bí Aráyé Ṣe Ń Wo Eré-Ìje Kẹ̀kẹ́

Nínú gbogbo eré tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ tí aráyé sì tẹ́wọ́ gbà, kò sí èyí tí ó ṣòro láti fi ọgbà yí ká tó eré-ìje kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ní láti gba ẹnu géètì pápá kọjá, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wo àwọn akànṣẹ́ ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó rí àyè jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ díje láti ìlú dé ìlú, ọ̀nà ọba ni wọ́n ń tọ̀, ojúde onílé ni wọ́n ń gbà kọjá, tí àgbẹ̀ tí ó wà lóko yóò fi lè ju ọkọ́ sílẹ̀ kí ó nàró wò wọ́n, tí ìyá arúgbó yóò fi lè gbé àpótí rẹ̀ jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í bi wọ́n léèrè kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ojú ẹni tí ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà ń rí kò tó nǹkan. Ó ti lè dúró láti òwúrọ̀, kí oòrùn ti pa á, kí òjò sì ti pa á, kí ọgọ́rùn-ún agunkẹ̀kẹ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá rọ́ kọjá níwájú rẹ̀ fìrì bí ọ̀wọ́ ẹyẹ ẹ̀ga. Kí ó tó ka ogún nínú wọn, wọ́n ti pẹ́ kọrọ̀ lẹ́yìn òkè. Ta ni ó ṣíwájú? Ta ni ó ṣubú? Ta ni ó kù sẹ́yìn tí ń sunkún bọ̀? Ará ẹ̀bá ọ̀nà kò mọ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí eré yìí ti délé ayé, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n láti orí dé ìrù ní láti ra ojú ẹlòmíràn. Ìtàn ojú tí a ń rà yìí ni mo jókòó tì lónìí.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ ìtàn àwọn baba wa tí kò mọ oníbodè. Ní ayé ọjọ́un, oníṣòwò tí ó bá ru ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú, tàbí láti Ọ̀yọ́ lọ sí Abẹ́òkúta, yóò bá oníbodè lẹ́nu odi ìlú, kò sì ní í kọjá títí yóò fi san owó ibodè. Ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹrù kì í kọjá lófẹ̀ẹ́. Eré-ìje kẹ̀kẹ́ náà ní oníbodè tirẹ̀, àfi pé òun kì í dúró lójú ọ̀nà. Iwájú ojú àwa tí ń wòran gan-an ni ó ń dúró sí. Oníbodè àkọ́kọ́ ni ìwé ìròyìn. Èkejì ni rédíò, tí àwọn baba wa sọ lórúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kì í sì í gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni amóhùnmáwòrán dé. Lẹ́yìn èyí ni tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù tí ń gba inú wáyà kébù tàbí orí díìṣì wọlé. Èyí tí ó sì jókòó lórí ìtẹ́ lónìí ni èyí tí ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ sínú fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Ìwé ìròyìn kò bá eré yìí nílẹ̀ kí ó tó wá kọ nípa rẹ̀. Òun gan-an ni ó bí èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, ìwé ìròyìn eré ìdárayá méjì ń bá ara wọn jà ní Párísì, ọ̀kan ń jẹ́ Le Vélo tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé aláwọ̀ ewé, èkejì ń jẹ́ L'Auto tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé aláwọ̀ yẹ́lò. Ọjà L'Auto kò yá. Henri Desgrange, ẹni tí ó jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ agunkẹ̀kẹ́ rí, ń wá ohun tí yóò mú kí ojú ayé yí sí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn akọ̀wé rẹ̀, Géo Lefèvre, ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe eré kan tí yóò yí gbogbo ilẹ̀ Faransé ká, èyí tí a mọ̀ sí Tour de France. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1903, ọgọ́ta ọkùnrin kó kẹ̀kẹ́ wọn jọ síwájú ilé oúnjẹ kan ní Montgeron, lẹ́bàá Párísì, wọ́n sì gbéra láti rin 2,428 kìlómítà ní ìpele mẹ́fà péré, tí ọ̀nà náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi ń ṣú mọ́ wọn lórí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń wa ẹsẹ̀ nínú òkùnkùn títí àfẹ̀mọ́júmọ́. Lefèvre ń fi ọkọ̀ ojú irin àti kẹ̀kẹ́ lé wọn kiri kí ó lè rí ohun tí yóò kọ. Àwọn 21 ni ó parí eré náà, Maurice Garin, tí ó ti fi ìgbà kan ṣe iṣẹ́ gbígbá ihò èéfín orí ilé, ni ó sì ṣíwájú gbogbo wọn.

Ọjà L'Auto wá yá ju ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá lọ, Le Vélo sì kógbá wọlé láìpẹ́. Ní ọdún 1919 ni wọ́n fi ẹ̀wù yẹ́lò lé ẹni tí ó bá ń ṣíwájú lọ́rùn, àwọ̀ ìwé L'Auto kan náà. Ní oṣù Keje ọdún 1933, Desgrange ní ìwé tí òun tà lóòjọ́ tó 854,000. Àwọn ará Ítálì rí i, wọ́n sì ṣe tiwọn: La Gazzetta dello Sport, tí ìwé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ píǹkì, dá Giro d'Italia sílẹ̀ ní ọdún 1909, ẹni tí ó bá sì ń ṣíwájú níbẹ̀ ń wọ ẹ̀wù píǹkì láti ọdún 1931. Ìwé ìròyìn ni ó wà lẹ́yìn eré ńlá ti Flanders ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1913, ìwé ìròyìn ni ó sì wà lẹ́yìn ti ilẹ̀ Spéìn ní ọdún 1935. Ẹni tí ó bá ń kọminú lónìí pé owó ti ba eré kẹ̀kẹ́ jẹ́, kí ó rántí ibi tí a ti bí i. Kò sí bí a ti ṣe ifá tí kò ní í hùwà èkùrọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì lè kórìíra àwọn akọ̀wé ìgbà náà, nítorí ohun tí wọ́n ṣe ju ọjà títà lọ. Nínú Tour de France ọdún 1913, agunkẹ̀kẹ́ kan, Eugène Christophe, ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Tourmalet ní àwọn òkè Pirẹ́nì nígbà tí irin tí ó di táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú ṣẹ́. Òfin eré kò gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà kọ́ èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rìn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ títí ó fi dé ìletò Sainte-Marie-de-Campan, ó wọ ilé alágbẹ̀dẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ irin náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí àwọn adájọ́ eré dúró tì í tí wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ olè. Ẹni tí a bí ní agboolé alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè di ọmọ owú mú kí ó tún máa fín ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé kan bá a fín ẹwìrì, àwọn adájọ́ sì jẹ Christophe níyà nítorí èyí. Ipò tí ì bá gbà ní ọdún náà bọ́. Kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán kankan tí ó tẹ̀lé e sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, kò sí èrò ìwòran. Inú ìwé ni àwọn ènìyàn ti rí i, wọ́n sì rí i dáradára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi àmì sí ojúlé náà títí di òní. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀wù yẹ́lò jáde, Christophe yìí kan náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́ fún. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí àfojúbà rárá, ẹni tí ó mọ ìròyìn í ròyìn a máa di ojú fún gbogbo ayé.

Àwọn ni wọ́n sì gbé oríkì àwọn agunkẹ̀kẹ́ rìn, ìbáà jẹ́ ẹnu akọ̀wé ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde tàbí ẹnu ará ilé. Charly Gaul ti Luxembourg, áńgẹ́lì orí òkè, ẹni tí òjò òun òtútù ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara tirẹ̀ ń yá gágá. Federico Bahamontes, idì Tòlédò, ọmọ ilẹ̀ Spéìn tí ń fò gun orí òkè nígbà tí àwọn yòókù ń fà bí ìgbín. Eddy Merckx, ajẹnìyàn tí kò fi eegun sílẹ̀ fún ajá. Raymond Poulidor, ẹni tí ó gba ipò kejì àti ìkẹta nígbà mẹ́jọ tí kò wọ ẹ̀wù yẹ́lò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí àwọn ará Faransé sì fẹ́ràn ju àwọn tí ó lù ú lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyá àgbà kan tí ó ń fi oríkì jí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ kò ní í bi mí pé kí ni orúkọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí ó ń gun òkè nínú òjò.

Rédíò dé sí ẹ̀bá ọ̀nà ní nǹkan bí ọdún 1930, ó sì mú ohun tí ìwé kò ní wá, èyíinì ni ìsinsìnyí. Ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ń sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lánàá; rédíò ń sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ òpin rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1949, nínú Giro d'Italia, Fausto Coppi já àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá gun kẹ̀kẹ́ fún 192 kìlómítà láàárín Cuneo àti Pinerolo, ó gba orí òkè márùn-ún kọjá, ó sì fi bí ìṣẹ́jú méjìlá ju Gino Bartali tí ó ṣe ipò kejì lọ. Mario Ferretti ni ó wà nídìí rédíò lọ́jọ́ náà. Ó kéde fún gbogbo Ítálì pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó wà níwájú, ó sọ àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí arókin ti ń fi orúkọ ọba pamọ́ di ìgbà tí etí gbogbo ènìyàn bá ti là. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Alex Virot, ẹni tí ó ti wà lára àwọn tí ó kọ́ àwọn ará Faransé ní eré kẹ̀kẹ́ gbígbọ́ lórí rédíò, ṣubú sínú ọ̀gbun pẹ̀lú ẹni tí ó wa alùpùpù fún un, René Wagner, nínú Tour ọdún 1957, àwọn méjèèjì sì kú.

Nígbà tí amóhùnmáwòrán fi máa dé, ẹsẹ̀ kan ni ó kọ́kọ́ fi tẹ ilẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1948 ni wọ́n gbé òpin Tour de France jáde ní tààrà láti pápá Parc des Princes ní Párísì, níbi tí Bartali ti borí lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá gbáko. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ náà nílé kò pọ̀, òpin nìkan ni wọ́n sì rí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ayàwòrán ti ń fi díẹ̀díẹ̀ padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà, láti ìlà ìparí lọ sí orí òkè, láti orí òkè lọ sí àárín pápá, bí ẹni tí ń tọpa ẹran lọ sí orísun odò. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é yẹ kí a yẹ̀ wò. Ẹni méjì ni ó máa ń wà lórí alùpùpù kan, ọ̀kan ń wà á, èkejì yíjú sí àwọn eléré pẹ̀lú ẹ̀rọ lórí èjìká. Àwòrán tí ó bá yà yóò fò lọ bá hẹlikọ́pítà tàbí ọkọ̀ òfuurufú tí ń yí ká lókè, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti balẹ̀ sí ibùdó tí wọ́n ti ń pín in fún gbogbo ayé. Bí ojú ọjọ́ bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú kò lè gòkè, àwòrán a já, eré a sì tún padà di ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu oníròyìn bí ti ayé àtijọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Yorùbá mọ kẹ̀kẹ́ náà ju bí a ti mọ eré rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, kẹ̀kẹ́ ni àìmọye àgbẹ̀ kòkó ń gùn lọ sóko, Raleigh sì ni orúkọ tí ó níyì jù lára wọn. Ní ọdún 1980, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni Joop Zoetemelk ará Họ́láńdì gùn tí ó fi gba Tour de France. Bákan náà ni ìpara Nivea tí àwọn ìyá wa ń fi pa ọmọ lára: òun ni agunkẹ̀kẹ́ Fiorenzo Magni kọ sára ẹ̀wù ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ní ọdún 1954, nígbà tí àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ kò rí owó tó mọ́ láti fi bọ́ àwọn eléré, láti ìgbà náà ni ọjà tí kò kan kẹ̀kẹ́ rárá ti ń sanwó oúnjẹ wọn. Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ kì í pín nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì kò sí; wọn kì í sì í pín nínú owó tí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ń san fún àwọn tí ó ni eré. Ẹni tí ó kọ orúkọ ọjà rẹ̀ sí wọn láyà ni ó ń bọ́ wọn, òun náà kò sì ń ra ohun mìíràn ju pé kí ojú ayé rí orúkọ náà. Bí ojú bá ti dínkù, oúnjẹ dínkù.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú kò ṣọ̀wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Faransé, ní Ítálì àti ní Bẹ́ljíọ̀mù ń gbé eré náà wọ ilé olówó àti ilé tálákà lọ́gbọọgba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí eré náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rere tẹ́lẹ̀, Channel 4 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Tour jáde ní ọdún 1986, Phil Liggett àti Paul Sherwen sì ń ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ohùn méjì tí àwọn èrò wá mọ̀ bí wọ́n ti mọ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1989 ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí amóhùnmáwòrán lè ṣe tí ìwé àti rédíò kò lè ṣe. Laurent Fignon, ọmọ Párísì, ni ó wọ ẹ̀wù yẹ́lò, ó sì fi 50 ìṣẹ́jú-àáyá ju Greg LeMond ará Amẹ́ríkà lọ, 24.5 kìlómítà péré ni ó kù, láti Versailles sí Párísì, tí olúkúlùkù yóò dá gùn. LeMond yìí ni ẹni tí ìbọn ọdẹ ti ṣèèṣì bà ní ọdún méjì ṣáájú, tí ọta rẹ̀ ṣì wà nínú ara rẹ̀. Ó gùn ún tán, ó dúró, ó ń wo aago. Fignon, tí ó so irun rẹ̀ sẹ́yìn tí kò dé fìlà, ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo ènìyàn tí ó wà níwájú amóhùnmáwòrán ń rí ọkùnrin náà, wọ́n sì ń rí òǹkà tí ń sáré níwájú rẹ̀, òǹkà náà kò sì ṣàánú rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ni ó fi pàdánù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ohun tí ó ju 3,000 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó kà á nínú ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ka ìròyìn. Ẹni tí ó wò ó bá Fignon ṣubú.

Ní ọdún 1989 kan náà ni Eurosport bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó ń gba orí díìṣì àti inú wáyà wọlé, ní Amẹ́ríkà sì ni kébù ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Níbẹ̀, CBS ti ń gbé díẹ̀díẹ̀ nínú Tour jáde ní òpin ọ̀sẹ̀ láyé LeMond. ESPN ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó di ọdún 2001, ìkànnì kan tí ń jẹ́ Outdoor Life Network, tí ó dá lórí ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa, gba eré náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn ní tààrà láàárọ̀, láràárọ̀, ní odidi oṣù Keje. Ìgbà Lance Armstrong, agunkẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, ni. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé wọ́n gba Tour méjèèje tí ó borí padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2012 nítorí oògùn tí ó lò, n kò ní í tún ọ̀rọ̀ náà sọ níhìn-ín. Ìkànnì yẹn di Versus, Versus di ti NBC, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 2021.

Mo mọ ẹ̀sùn tí ó wà lọ́rùn kébù. A máa mú kí ènìyàn ra odidi ọjà nítorí ata rodo márùn-ún: ìkànnì ọgọ́rùn-ún ni ẹni tí ó fẹ́ wo eré kẹ̀kẹ́ lóṣù Keje yóò sanwó rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. A máa fi ìpolówó gé eré sí wẹ́wẹ́, ó sì lè jẹ́ pé àsìkò ìpolówó gan-an ni ẹni tí a ń retí yóò sá jáde lọ. Ṣùgbọ́n ó ní oore kan tí mo rò pé a kò tíì kà sí i lọ́rùn. Ọkùnrin tí ó ń yí ìkànnì kiri nítorí àtirí bí wọ́n ti ń fi ìwọ̀ pẹja ṣàdédé bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń gun òkè ńlá kan ní àwọn òkè Álípì, ó dúró wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sì di ẹni tí ń wò ó lọ́dọọdún. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kébù a máa mú ènìyàn rìn jìnnà láì jẹ́ pé ó gbèrò ìrìn náà. Bí ará ẹ̀bá ọ̀nà ilẹ̀ Faransé ti ń ṣe alábàápàdé eré lójúde ilé rẹ̀ nìyẹn.

Íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Òun kì í ṣe alábàápàdé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí ó ń wá ni ó ń dá lóhùn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, oore rẹ̀ pọ̀, ìwà àìmoore ni yóò sì jẹ́ bí a kò bá sọ ọ́. Láti ọdún 2017 ni a ti lè wo gbogbo ìpele Tour láti ìgbà tí wọ́n bá gbéra títí wọn yóò fi dé. Ohun tí Lefèvre fi ọkọ̀ ojú irin lé tí kò rí tán, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ní Houston ń rí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ GCN kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2020, £39.99 ni ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san fún odidi ọdún kan, tí yóò sì rí eré kékeré tí tẹlifíṣọ̀n kò jẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún láéláé. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án lè wò ó lálẹ́, bí ó bá ti lè di etí rẹ̀ pa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní ti àwọn obìnrin, oore yìí ju oore lọ. Ní ọdún 1984, wọ́n ṣe Tour de France ti àwọn obìnrin lórí ọ̀nà kan náà àti ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin, Marianne Martin ará Amẹ́ríkà sì gbà á. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwòrán tí ó kù, díẹ̀ ni ẹni tí ó rántí, nígbà tí eré náà sì fẹ́ kú, kò sí ojú tí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tí oníbodè kò ṣí ilẹ̀kùn fún kò kúkú wọ ìlú. Láti ọdún 2020 ni àjọ àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ ti pàṣẹ pé eré obìnrin tí ó bá fẹ́ wà ní ipò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lójú ayé ní tààrà fún ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán. Íntánẹ́ẹ̀tì, tí kì í sọ pé àyè kún, ni ó mú kí àṣẹ náà rọrùn fún ọ̀pọ̀ wọn láti mú ṣẹ. Tour àwọn obìnrin padà dé ní ọdún 2022. Ní ọdún 2024, Kasia Niewiadoma ará Pólàǹdì fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré ju Demi Vollering lọ, ìdajì ohun tí ó pa Fignon lẹ́kún, gbogbo ayé sì rí i.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn tí ó ni GCN+, ìkànnì GCN tí à ń sanwó wò yìí, tì í pa. Eré náà kó lọ sí ibòmíràn ní £6.99 lóṣù. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2025 parí, wọ́n ti Eurosport pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó eré kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù àti àwọn eré yòókù lábẹ́ TNT Sports, owó náà sì di £30.99 lóṣù. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ohun tí £39.99 ń ṣe lọ́dún tẹ́lẹ̀ di £371.88 nígbà náà. Ó wá ku Tour tí ilé tẹlifíṣọ̀n ITV ń fi hàn níbẹ̀ láìgba owó. Ọdún 2025 ni èyí náà parí. Àwọn tí ó fi kébù sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ ra odidi ọjà mọ́ tún padà bá odidi ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibodè kò sì wá jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ibi kan ni a ti ń rí Tour, ibòmíràn ni a ti ń rí Giro. Ẹni tí ó sì sanwó tirẹ̀ pé ní London, tí ó wọkọ̀ òfuurufú wá kí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù Keje, yóò tan fóònù rẹ̀, wọn yóò sì sọ fún un pé owó ibodè tí ó san kì í ṣe ti ìlú yìí.

Èrò tèmi ni pé ìnáwó náà kọ́ ni ó burú jù níbẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé eré tí a fi ọwọ́ ẹni tí ń kọjá lọ bọ́ láti ọdún 1903 ti wá sápamọ́ fún ẹni tí ń kọjá lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ kò ní í bá a pàdé mọ́ nígbà tí ó bá ń wá nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an a sì dá wò ó lórí fóònù nínú yàrá, a dá pariwo, a dá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ní Faransé, ní Ítálì àti ní Bẹ́ljíọ̀mù, tẹlifíṣọ̀n ìjọba ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo sì gbà pé òun ni ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣì mọ orúkọ àwọn agunkẹ̀kẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024 ni ó pé ọdún 121 géérégé tí àwọn ọgọ́ta ọkùnrin yẹn gbéra ní Montgeron. Ní ọjọ́ náà, ní ìlú Turin, Biniam Girmay ọmọ Erítríà, ilẹ̀ tí àwọn ará Ítálì tí ó jọba lé wọn lórí gbé kẹ̀kẹ́ wá bá, fi gbogbo àwọn asáré sẹ́yìn, ó sì di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gba ìpele kan nínú Tour de France. Ó gba méjì sí i kí eré tó parí, ó sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ti ẹni tí àmì-ayò rẹ̀ pọ̀ jù, dé ilé. Bí eégún ẹni bá jó ire, orí a yá ni. Orí yá gbogbo Áfíríkà lọ́jọ́ náà, gbogbo àwọn tí ojú wọn tó o.

Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e ni ìdíje àgbáyé ti eré kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà kọ́kọ́ wá sí Áfíríkà, ní Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà, ìlú orí òkè. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, 267.5 kìlómítà ni àwọn ọkùnrin gùn, Tadej Pogačar ará Slovenia sá jáde láàárín wọn nígbà tí ó ṣì ku ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, ó sì borí. Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn ti sanwó oṣù kí wọ́n tó rí i, bí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ti ń yí ká gba orí òkè kan náà kọjá. Ní Kimihurura, níbi tí wọ́n ti fi òkúta tẹ́ ọ̀nà tí ó ga sókè, àwọn èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, wọ́n gun orí odi, wọ́n gbé ọmọ kọ́ èjìká. Wọn kò san kọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ bá kọjá tán, wọn a dúró síbẹ̀, wọn a máa bi ara wọn léèrè pé ta ni ó kù sẹ́yìn, títí wọn yóò fi tún gbọ́ ìró hẹlikọ́pítà tí ń bọ̀ lókè.